Àwo Orin Tí Mo Fi Omi Àdúrà Fọ̀

Àwo rẹ́kọ́ọ̀dù mọ́kànlélógójì ni ọkọ mi fi sílẹ̀ nígbà tó kú. Orin àwọn ọmọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì onírun gígùn ni gbogbo wọn, àwọn tó ń ta gìtá, tí wọ́n ń lọgun, ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, aṣọ funfun ni mò ń wọ̀ lọ sí ìjọ, mi ò kì í wọ bàtà wọ ilé Ọlọ́run, mi ò sì mọ orúkọ ẹyọ kan nínú wọn nígbà tí ọkọ mi wà láàyè. Bí ẹ bá bi mí lónìí, mo lè sọ ẹgbẹ́ tí onílù wọn máa ń sáré ju àwọn yòókù lọ, mo sì lè sọ èyí tí ọ̀fun akọrin wọn ti ń bàjẹ́ kí àwo tó parí. Ìyà ló kọ́ mi.

Ilé kékeré kan là ń gbé ní Moorings, ní Thamesmead, ní London. Ọkọ mi ń wa bọ́ọ̀sì. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á bọ́ bàtà, á mu tíì, á jókòó ti ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ nínú pálọ̀, á wá fi ohun ìbotí tí wọ́n fi ń gbọ́ orin bo etí rẹ̀ méjèèjì. Èmi ni mo ṣe òfin yẹn. Ọ̀sẹ̀ tí a kọ́kọ́ kó wọlé ni mo ti sọ fún un pé orin ayé kò gbọdọ̀ dún jáde nínú ilé tí a ti ń gbàdúrà. Kò bá mi jà. Ó lọ sí Woolwich, ó ra ohun ìbotí náà, ó sì lò ó fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Nítorí náà, ohun tí mo mọ̀ nípa orin ọkọ mi kò ju orí rẹ̀ tó ń mì lọ. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Màá ní, "Daddy, ṣé aláǹgbá tó já láti orí ìrókò ni yín ni? Ẹnikẹ́ni ò yìn yín, ẹ wá ń yin ara yín." Á gbé ohun ìbotí náà kúrò ní etí kan, á ní, "Kí lo wí?" Màá ní mi ò wí nǹkan kan.

Ó ti bá àwọn ẹgbẹ́ olórin wọ̀nyẹn rìn kó tó bá mi rìn. Nígbà tó wà ní girama n'Íbàdàn, tíṣà òyìnbó kan tó ń kọ́ wọn ní físíìsì ń padà sílùú rẹ̀, ó sì fi páálí àwo kan sílẹ̀ fún kíláàsì wọn. Àwọn yòókù mú ọ̀kan tàbí méjì, ọkọ mi kó ìyókù. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Gìtá kan ṣoṣo ni wọ́n ní, wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ sì ni wọ́n fi rọ́pò okùn rẹ̀ kan. Wọ́n ń kọ orin àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì náà ní gbọ̀ngán ilé ìwé, pẹ̀lú èdè tí wọn ò gbọ́ ìdajì rẹ̀. Ó ní òun gbà nígbà yẹn pé bí òun bá dé London, títì gan-an ni òun á ti máa gbọ́ orin náà. Ó dé London tán, ìnulẹ̀ ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́. Ọdún méje ló fi ń fọ ọkọ̀ ojú irin kó tó gba ìwé àṣẹ bọ́ọ̀sì.

Ó ní ìdí tí àwọn ẹgbẹ́ náà fi dára lójú rẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo lè kà á lórí bí Sáàmù. Ó ní àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Amẹ́ríkà ló ni ìpìlẹ̀ orin náà. Àwọn ọmọ tálákà Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ ọ lórí rédíò, wọ́n gbé e, wọ́n so iná ẹ̀lẹ́kíríìkì mọ́ ọn, wọ́n sì tún fi páálí dì í wá bá òun n'Íbàdàn. Ó ní bàbá ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ irin, pé ariwo ẹ̀rọ tí àwọn bàbá náà ń gbọ́ láti àárọ̀ dalẹ́ ló wà nínú gìtá àwọn ọmọ. Ó ní wọn kì í kánjú, pé wọ́n lè fi odindi ojú àwo kan kọ orin kan ṣoṣo. Màá ní, "Tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìjọ wa, ẹ̀yin náà lẹ máa ń wo aago." Á rẹ́rìn-ín, á tún ohun ìbotí rẹ̀ dé.

Òkè ilé ìtajà kan ni ìjọ wa wà, nítòsí Powis Street ní Woolwich. Gìtá ni ọkọ mi ń ta níbẹ̀. Tó bá ti wọ sùtánà, tó bọ́ bàtà, tó gbé gìtá kọ́rùn, kò sẹ́ni tó máa rò pé ó mọ ohun tó ń jẹ́ orin ayé. Orin kan wà tí gbogbo ìjọ gbà pé Ẹ̀mí ló fi fún un. Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù, tó jẹ́ ọjọ́ ìdúpẹ́, la máa ń kọ ọ́, nígbà tí àwọn èèyàn bá ń jó lọ síwájú pẹpẹ. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò pọ̀: "Mo ti dé o, Baba, mo ti dé. Ọ̀nà jìn, mo ti dé." Lẹ́yìn ìlà kọ̀ọ̀kan, gbogbo wa á dákẹ́, gìtá á sì dá wa lóhùn. Ìdáhùn gìtá yẹn ni àwọn èèyàn ń bá bọ̀ láti ilé. Wòlíì wa, àgbàlagbà tí oríkèé ń dùn, máa ń jó sí i títí dé iwájú.

Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀jẹ̀ ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Dókítà ní ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń wá nínú eegun ni kò ṣiṣẹ́ mọ́. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, á lágbára fún ọ̀sẹ̀ kan, á tún rọ. Nígbà tó di pé kò kúrò ní ọsibítù mọ́, Bàbá wòlíì wá gbàdúrà sínú ilé wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Wọ́n ń ti iyàrá bọ́ sí iyàrá, wọ́n ń mi agogo. Wọ́n dé pálọ̀, wọ́n dúró.

Wọ́n ní, "Mummy, kí lẹ ní nínú ilé yìí tó pupa, tó rí róbótó, tó sì ń yí? Mo rí i bó ṣe ń yí. Ẹ̀jẹ̀ Daddy ló ń fà."

A kì í wọ pupa ní ìjọ wa. Aṣọ pupa ò sí nílé mi, kọ́tìnnì pupa ò sí, mi ò tiẹ̀ ra búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín pupa rí. Ohun kan ṣoṣo ló pupa tó sì ń yí nínú ilé náà, mo sì mọ̀ ọ́n. Ọkọ mi ní àṣà kan tó ti bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwé. Ó máa ń gé bébà aláwọ̀ ní róbótó, á fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín àwo, bo orúkọ tó wà níbẹ̀. Àwo tó fẹ́ràn gìtá inú rẹ̀, bébà àwọ̀ ewé ló ń lẹ̀ mọ́ ọn. Èyí tó jẹ́ pé torí ìlù ló ṣe ń gbọ́ ọ, àwọ̀ ìyeyè. Àwọn tí kò kà sí, búlúù. Ẹyọ àwo kan ṣoṣo ló lẹ pupa mọ́, láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Mi ò bi í rí pé kí ló dé.

Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù fún Bàbá wòlíì. Wọ́n wo àwòrán ara páálí àwọn àwo náà, ọkùnrin tó kun ojú bí obìnrin, ilé tó ń jóná, ẹranko tí Ọlọ́run kò dá. Wọ́n sún sẹ́yìn. Wọ́n ní, "Ẹ sun wọ́n. Gbogbo wọn pátá. Today, Mummy, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la."

Mi ò sun wọ́n. Kì í ṣe pé mi ò gbà gbọ́. Níbo lèèyàn ti ń sun nǹkan ní Moorings? Bí èéfín bá yọ lẹ́yìnkùlé mi báyìí, aládùúgbò á ti pe panápaná kí n tó ṣá ìṣáná kejì. Mo sì gbà pé ọkọ mi ń padà bọ̀ wálé, á sì béèrè wọn. Mo wá dá ọgbọ́n ti ara mi. Mo ní ohun tí mi ò lè sun, mo lè yà á sí mímọ́. Mo ṣí omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú báàfù, mo da omi àdúrà sí i, mo wọ́n lọ́fínńdà sí i, mo bu iyọ̀ sí i, mo ka Sáàmù mẹ́ta lé e lórí. Mo wá kó gbogbo àwo náà sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì fi kànrìnkàn àti ọṣẹ fọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Páálí wọn tí kò ṣe é fọ̀, mo kó wọn sínú àpò, mo gbé wọn síta fún ọkọ̀ akólẹ̀ àárọ̀ ọjọ́ kejì.

Àwọn bébà aláwọ̀ náà rọ, àti èyí tí wọ́n tẹ orúkọ sí lábẹ́ wọn, gbogbo wọn yọ́ sínú omi. Ibì kan nínú báàfù náà pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Mo rí i, mo sì kígbe Halleluya. Mo rò pé ẹ̀jẹ̀ ọkọ mi ló ń jáde kúrò lára àwo. Mo yọ ìdí báàfù, mo jẹ́ kó ṣàn lọ.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ kí ọkọ mi. Ojú rẹ̀ mọ́ díẹ̀, mo sì ń dúpẹ́ nínú. Ó fọwọ́ kàn mí. Ó ní, "Mummy, bá mi wá àwo kan nílé. Èyí tó ní bébà pupa láàárín. Orin tó kẹ́yìn lójú kejì. Sọ fún ọmọ wa kó bá mi record ẹ̀ sórí phone."

Mo ní, "Ẹ̀yin àti orin ayé yìí, Daddy. Nínú ipò tí ẹ wà yìí?"

Ó ní, "Jọ̀ọ́."

Láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, kò bẹ̀ mí rí nítorí orin. Mo padà sílé. Àwo mọ́kànlélógójì ló to ara wọn lé orí irin ìsáṣọ nínú pálọ̀, bí abọ́ tí wọ́n fọ̀ lẹ́yìn ìkómọ. Gbogbo wọn dúdú, gbogbo wọn ń dán, wọ́n ń ta sánsán lọ́fínńdà. Àárín wọn funfun bí ẹnu ìkókó. Mo gbé ọ̀kan, mo gbé èkejì, mo jókòó. Nígbà tí mo padà dé ọsibítù, mo ní, "Mi ò rí i." Ó ní, "Ó wà níbẹ̀. Pupa ni." Mo ní màá tún wò ó dáadáa. Irọ́ ni mo pa fún un, ó sì gbà mí gbọ́.

Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti fi nǹkan bò ó nímú, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Mo jókòó tì í fún ọjọ́ méjì. Ó ń wò mí, mò ń wo ilẹ̀. Mi ò sọ ohun tí mo ṣe fún un. Ọ̀sán ọjọ́ kẹta ló kú, nígbà tí mo wà ní ilé arúgbó kan tí mò ń tọ́jú, tí mò ń bá a gbé ọbẹ̀ kaná.

Mi ò sunkún. Wọ́n gbé e sin, mi ò sunkún. Àwọn ará ìjọ ń sọ pé mo lágbára, pé Ọlọ́run wà lẹ́yìn mi. Mi ò lágbára. Ara mi kú ni, bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé pẹ́. Mo lọ síbi iṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì. Mo ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Town Centre, mo ń ra irú tíì tó máa ń mu, mo ń tò ó sí kọ́bọ́ọ̀dù. Ní ìjọ, wọ́n ń kọ orin ìdúpẹ́ rẹ̀. Níbi tí gìtá ti máa ń dáhùn, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ dí i. Mo ń pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú wọn, mi ò sì gbọ́ nǹkan kan.

Ohun kan ṣoṣo ló ṣì ń gún mi. Ó béèrè nǹkan kékeré lọ́wọ́ mi, mi ò sì fún un. Mo wá pinnu pé kí ọjọ́ ìrántí ọdún kan rẹ̀ tó pé, màá rí orin náà, màá sì gbé e dé ibojì rẹ̀. Èyí nìkan ni mo fẹ́ láyé nígbà náà.

Ọmọ mi obìnrin, tó ń gbé ní Woolwich, wá wò wọ́n. Ó fi fóònù rẹ̀ gbọ́ díẹ̀ nínú àwo kọ̀ọ̀kan, fóònù ń sọ orúkọ olórin àti orúkọ orin. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sára bébà, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ ọn. Fóònù mọ orúkọ, ṣùgbọ́n kò mọ èyí tí bàbá rẹ̀ lẹ pupa mọ́. Òun náà kò mọ̀ ọ́n, ó ní àwo Daddy kò jẹ́ nǹkan kan sí òun nígbà náà. Ẹ̀wù tó wọ̀ wá lọ́jọ́ yẹn, orúkọ ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ olórin náà ló wà láyà rẹ̀. Mo fi hàn án. Mo ní ṣé ó mọ orin wọn.

Ó ní, "Mummy, it's just a top. Powis Street ni mo ti rà á."

Gbogbo ọmọ Woolwich ló ń wọ̀ ọ́, tí wọn ò mọ̀ pé èèyàn ni. Ohun tó kù lára àwọn ọmọkùnrin náà nìyẹn lójú títì tí ọkọ mi rò pé òun á ti máa gbọ́ orin wọn. Ọmọ mi kọ orin tó kẹ́yìn lójú kejì àwo kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ó ní, "Just listen to these ones, Mummy. Ẹ máa parí ẹ̀ in one week." Mi ò gbà. Mo ní ìkánjú ni mo fi fọ̀ wọ́n, mi ò ní fi ìkánjú gbọ́ wọn.

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe. Láàárọ̀, mò ń wẹ̀ wọ́n. Lọ́sàn-án, mò ń fún wọn lóúnjẹ. Nírọ̀lẹ́, mò ń bá wọn múra sùn. Láàárín ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́, wákàtí méjì ààbọ̀ wà tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ àwo, ọ̀kan lọ́jọ́ kan, ojú méjèèjì. Mo ń dé ohun ìbotí ọkọ mi. Awọ rẹ̀ ti bó, ó sì ṣì ń rùn bí òróró irun rẹ̀.

Kí n má parọ́, ariwo ni ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Àwọn akọrin kan wà nínú wọn tó ń lọgun bí ẹni tí omi gbígbóná dà sí lẹ́sẹ̀. Àwọn kan fẹ́ràn ara wọn jù. Onílù á kan máa dá lu ìlù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á ti jáde lọ, ó dá mi lójú. Ìlù tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́ ò yàtọ̀ sí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó máa lọ. Mo bá ọkọ mi jà lórí àwọn kan. Mo ní, "Daddy, torí èyí lẹ ṣe ń mi orí?" Mo yí àwo náà sí ojú kejì.

Lẹ́yìn náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ. Mo gbọ́ ẹnì kan tó ń húkọ́ kí orin tó bẹ̀rẹ̀, àga tó ń hanrun, ohùn akọrin tó fọ́ níbi tó ga jù tí wọn ò sì tún un ṣe. Èèyàn mẹ́rin ni wọ́n, inú iyàrá kan náà ni wọ́n wà, wọ́n sì ń tẹ́tí sí ara wọn. Bí ẹnì kan bá fẹ́ ṣubú, ẹni tó ń ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ á dúró síbi tó wà títí onítọ̀hún á fi rí ilẹ̀ tẹ̀. Orin inú fóònù ọmọ mi mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ ẹni tó mí nínú rẹ̀. Ọkọ mi gbọ́n jù bí mo ṣe rò lọ. Ó dùn mí pé mi ò lè sọ ìyẹn fún un.

Lára àwọn tí mò ń tọ́jú ni ìyá òyìnbó kan ní Thamesmead níbí, tí kò rántí orúkọ ọmọ rẹ̀ mọ́. Mò ń wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo sì ń fi imú kọ orin tí mo gbọ́ lọ́jọ́ tó ṣáájú. Ìyá náà la ẹnu, ó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò ṣì í. Ó ní òun jó sí i pẹ̀lú ọkọ òun. Ó wá bi mí pé ta ni mí. Mo nu ẹ̀yìn rẹ̀, mo sọ fún un.

Ọjọ́ tí mo dé àwo kẹrìnlélọ́gbọ̀n, ó jẹ́ ọjọ́ Sátidé, ìdúpẹ́ sì ni ọjọ́ kejì. Mo ní sùtánà láti lọ̀. Okùn ohun ìbotí náà kò dé ibi pátákó ìlọṣọ. Mo dúró, mo rò ó, mo wá fà á yọ lẹ́nu ẹ̀rọ. Bí orin ayé ṣe dún jáde nínú ilé mi nìyẹn, fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọwọ́ mi wà lórí áyọ́ọ̀nù. Dùùrù ló ń dún ní tirẹ̀, ìlù wọlé, wọ́n ń rìn lọ, wọ́n ń rìn lọ, bí ẹni tí ilé rẹ̀ jìnnà. Mi ò fi ọkàn sí i tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, gbogbo wọn dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Gìtá nìkan ló dá sọ̀rọ̀.

Ẹsẹ̀ mi ló kọ́kọ́ mọ̀. Mo ti bọ́ sílípáàsì sílẹ̀, mo ń gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, mo ń gbé tòsì, ìrìn tí a máa ń rìn lọ síwájú pẹpẹ. Ẹnu mi sì ti ń sọ pé, "Mo ti dé o, Baba, mo ti dé." Gìtá tún dáhùn. Ìdáhùn wa ni, tí a máa ń gbọ́wọ́ sókè dè, nínú orin tó kẹ́yìn lójú kejì. Orin tí Ẹ̀mí fún ọkọ mi, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan ló kọ́kọ́ ta á, kó tó di pé páálí gbé e dé Ìbàdàn. Áyọ́ọ̀nù ti jó sùtánà mi láyà kí n tó gbóòórùn rẹ̀.

Mo jókòó sílẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn kì í ṣe ti ìjọ rárá. Ọkọ mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì fún ọjọ́ méjì tó ń wò mí, tó fẹ́ gbọ́ orin yẹn. Èmi jókòó síbẹ̀, mo panu mọ́ nítorí àwo tí mi ò lè dá mọ̀. Orin náà sì wà lẹ́nu mi. Oṣooṣù ni mò ń kọ ọ́. Bí mo bá bi í pé, "Daddy, orin wo ni?", tàbí kí n sọ òtítọ́ fún un pé mo ti fọ̀ ọ́, ì bá ti ní kí n kọ ọ́ fún òun. Mi ò bi í.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ kejì, mo lọ bá Bàbá wòlíì. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jó tán ni, wọ́n ń nu òógùn. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá, orin ìdúpẹ́ wa yìí, inú àwo tí ẹ ní kí n sun yẹn ni Daddy ti gbọ́ ọ. Èyí tó ní pupa."

Wọ́n ní, "Mummy, Ẹ̀mí máa ń fẹ́ síbi tó bá wù ú."

Inú bí mi. Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú, kí ló dé tí kò fẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ wá sílé mi?"

Mi ò sọ pé wọ́n parọ́. Wọ́n rí nǹkan pupa róbótó tó ń yí, ó sì ń yí lóòótọ́. Ohun tí wọ́n rí kò ṣì, ìtumọ̀ rẹ̀ ló ṣì, èmi náà sì ti mú ọṣẹ lọ́wọ́.

Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Woolwich láàárín ọ̀sẹ̀, mo ra bébà pupa. Òun ni ohun pupa àkọ́kọ́ tí mo fi owó mi rà láti ìgbà tí mo ti wọ ìjọ. Mo gé e róbótó, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín àwo náà. Ọmọ mi gba orin náà sórí fóònù.

Lọ́jọ́ ìrántí, àwa méjèèjì nìkan la lọ sí ibojì láàárọ̀, ká tó lọ bá àwọn ará ìjọ. Mo bọ́ bàtà sórí koríko tó tutù. Ọmọ mi mú fóònù jáde. Mo ní kó ní sùúrù.

Mo ní, "Daddy, kì í ṣe pé mi ò rí i lọ́jọ́ yẹn. Mo ti fi omi fọ gbogbo ẹ̀, bébà ti yọ. Ẹ̀rù ń bà mí láti sọ fún yín. Ẹ má bínú." Ọmọ mi yíjú wò mí. Kò gbọ́ rí pé mo parọ́ fún bàbá rẹ̀.

Mo wá kọ orin náà fún un. Mo ní, "Mo ti dé o, Baba, mo ti dé." Mo dákẹ́, mo gbé ọwọ́ sókè bí a ṣe máa ń ṣe, mo ń dúró de gìtá. Mo dúró. Fún odindi ọdún kan ni mo fi ń sọ fún àwọn èèyàn pé ọkọ mi kú, tí mo ń kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù. Ìgbà tí mo dúró síbẹ̀ ni mo tó mọ̀ ọ́n.

Ọmọ mi rò pé òun ni mò ń dúró dè, ó tẹ fóònù. Gìtá ọmọ Gẹ̀ẹ́sì náà dáhùn. Òun náà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó yára jù. Ọkọ mi máa ń falẹ̀ níbẹ̀, kí ẹsẹ̀ Bàbá wòlíì lè bá a. Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ títí di ìgbà yẹn. Mo jókòó sórí koríko nínú aṣọ funfun mi, mo sunkún, ọmọ mi sì ń tẹ orin náà padà síbẹ̀rẹ̀, ó rò pé ohun tí mo fẹ́ nìyẹn.